Kí Àwòrán Má Ba Sọ Àmì Nù Lójú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló kàn jù. Ẹni tó bá ń kọ̀wé lórí ohùn ní láti ya ohùn náà kí ojú lè rí i. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí gírámà ní láti ya igi. Nígbà tí àwòrán bá ti wọ inú iṣẹ́, tí iṣẹ́ náà sì ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, ọkàn ẹni kì í balẹ̀ mọ́ pé ohun tí a yà ni ẹni tó ń kà á yóò rí.

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́ta la jọ ṣe iṣẹ́ kan fún kọ́ọ̀sì fonọ́lọ́jì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin la mú: ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀ àti ọ̀wọ́. Ọwọ́ ara ni àkọ́kọ́, ìgbálẹ̀ ni èkejì, iyì tí à ń fún àgbà ni ẹ̀kẹta, agbo ẹyẹ tàbí ẹran ni ẹ̀kẹrin. A yan 'w' nítorí pé ohùn kì í dá nígbà tí a bá ń pè é. 'K' inú ọkọ àti ọkọ̀ máa ń gé ìlà ohùn sí méjì. Praat la fi wọ̀n ọ́n, ètò ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam. Ó ya ìlà mẹ́rin fún wa. Ìlà ọ̀wọ́ ń gùn òkè ní sílébù kejì, ìlà ọ̀wọ̀ ń já wálẹ̀ ní ìparí. Àríyànjiyàn wa látòkè délẹ̀, orí ìlà mẹ́rin yìí ló dúró lé. A kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìlà tirẹ̀, nítorí ìlà tí kò ní orúkọ kò jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà wa kò jọra. Ọ̀kan nínú wa ń lo Windows, ọ̀kan ń lo Ubuntu tí í ṣe ẹ̀yà Linux, ẹ̀kẹta sì ní Mac tòkunbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. LaTeX ni a fi to ìwé náà. Ẹ mọ̀ ọ́n: TeX tí Donald Knuth bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní òpin ọdún 1970 sí 1979 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, Leslie Lamport ló gbé LaTeX ka orí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ lásán lẹ ó máa tẹ̀ sínú fáìlì, ẹ̀rọ ni yóò tò ó sójú ìwé, tí yóò tún fún àpẹẹrẹ àti àwòrán ní nọ́ńbà. Fáìlì ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà láti Windows sí Linux sí Mac. Ìdí tí a fi yàn án nìyẹn. Àwòrán nìkan ni kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń lo LaTeX mọ̀ ni pé TeX fúnra rẹ̀ kò mọ àwòrán rárá. Ẹ wo bí a ṣe máa ń fi ìwé gba àyè sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìwé náà kò mọ ojú ọ̀rẹ́ ọ̀hún, kò mọ aṣọ tó wọ̀. Àyè ènìyàn kan ló dì mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni TeX ń ṣe. Tí ẹ bá kọ \includegraphics, ó ń béèrè ìwọ̀n fífẹ̀ àti gíga nìkan, ó fi àpótí òfìfo sílẹ̀, ó sì kọ ìránṣẹ́ kékeré kan fún ètò tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kó mú àwòrán báyìí wá sí ibí. Inú àwòrán kò kàn án.

Nínú fáìlì EPS, ìlà kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní BoundingBox, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: igun ìsàlẹ̀ lápá òsì àti igun òkè lápá ọ̀tún, tí a fi ìdá kan nínú 72 ìńṣì wọ̀n. Ìlà yẹn ni LaTeX àtijọ́ ń kà. Bí ẹ bá gbé PNG fún un, kò rí ìlà náà, á ní òun kò lè mọ ìwọ̀n àwòrán, á sì dúró. pdfLaTeX ní tirẹ̀ gba PDF, PNG àti JPG, ṣùgbọ́n kì í gba EPS. Láti TeX Live ọdún 2010 ló ti ń yí EPS padà sí PDF fúnra rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa lọ́dọ̀ òun, tí kò lọ lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé èwo nínú àwọn LaTeX wọ̀nyí ló ń lò. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì ló kàn. Windows àti Mac, bí wọ́n ṣe máa ń wà láti ilé iṣẹ́, kò ka lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré sí ọ̀tọ̀: Owo.pdf àti owo.pdf, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Lójú Linux, ẹni méjì ni. Overleaf tí ọ̀pọ̀ yín ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Linux ló wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà kò gbà. Àti igi tó ń ya fódà sọ́tọ̀: ẹni tó ń lo Windows máa ń fẹ́ kọ aworan\owo, ṣùgbọ́n \ ni TeX fi ń dá àṣẹ mọ̀, yóò rò pé ẹ ń pe àṣẹ kan tó ń jẹ́ \owo. Ẹ máa kọ aworan/owo. Windows pàápàá gbà á.

Ibi tí a ti bá ara wa jiyàn jù ni àmì lórí orúkọ fáìlì. Ẹnì kan nínú wa sọ pé àwa tí à ń pariwo kiri ọgbà pé kí gbogbo ayé máa fi àmì sí Yorùbá, ṣé àwa náà la máa wá yọ ọ́ kúrò? Ó ní ọ̀wọ́.pdf ni kí fáìlì máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpatì. LaTeX ti ń gba UTF-8 láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un láti ọdún 2018, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ fáìlì. Kí ló wá kù?

Ohun tó kù ni pé ọ́ wa kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà. Unicode ní àyè kan fún ọ, ó ní òmíràn fún ó, kò ní àyè kan fún ọ́. Nítorí náà, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti kọ ọ́: ọ kí àmì òkè tẹ̀ lé e, ó kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, tàbí o lásán kí àwọn àmì méjèèjì tò tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, bákan náà ni wọ́n rí. Lójú Linux, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ètò ìpamọ́ fáìlì tí àwọn Mac àtijọ́ ń lò, HFS+, a máa tú gbogbo lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó fi pamọ́. Windows àti Linux máa ń fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ọ̀wọ́.pdf tó kúrò lórí irú Mac bẹ́ẹ̀, tó wọ inú fúláàṣì, tó dé orí Ubuntu, lè wà níbẹ̀ kedere, kí ẹ máa fojú rí i nínú fódà, kí LaTeX sì máa pariwo pé òun kò rí i. Kò purọ́. Orúkọ tí ẹ fi pè é kọ́ ni orúkọ tó ń jẹ́.

Àdéhùn tí a ṣe nìyí: lẹ́tà kékeré láti a dé z, nọ́ńbà, àti àmì ìdásọ́tọ̀ kékeré nìkan ni yóò wà nínú orúkọ fáìlì. Ṣùgbọ́n owo kan ṣoṣo kò lè dúró fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin, nítorí náà a fi a dúró fún ohùn àárín, o fún ohùn òkè, i fún ohùn ìsàlẹ̀. Ọwọ́ di owo-ao, ọwọ̀ di owo-ai, ọ̀wọ̀ di owo-ii, ọ̀wọ́ di owo-io. Ẹni tó ń jà fún àmì gbà bẹ́ẹ̀, ó ní ohùn ṣì wà níbẹ̀, aṣọ ló pààrọ̀. Àwa náà gbà pé orúkọ fáìlì jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín àwa àti ẹ̀rọ. Ojú ìwé tí ènìyàn ń kà ni a kò gbọdọ̀ fi du àmì.

Ojú ìwé náà gan-an ni ọ̀ràn sì ti ṣẹ̀. Ètò ìyàwòrán kan la fi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ìlà wọn, àwòrán náà sì jáde gẹ́gẹ́ bí PDF tí fọ́ǹtì kò sí nínú rẹ̀. Orúkọ fọ́ǹtì nìkan ni ètò náà kọ síbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí a ti yà á, fọ́ǹtì náà wà, gbogbo rẹ̀ dán. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti bá wa tẹ̀ ẹ́ kò ní in. Ẹ̀rọ wọn fi fọ́ǹtì mìíràn dípò, èyí tó ní àmì òkè ṣùgbọ́n tí kò ní àmì abẹ́. Ìwé jáde, ó mọ́ tónítóní, àkọlé wà, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ọwọ́ ti di owó. Ọ̀wọ̀ ti di òwò. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó fi hàn pé nǹkan ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá ya àpótí òfìfo síbẹ̀, ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ pé lẹ́tà kan sọnù. Ṣùgbọ́n owó àti òwò, ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni wọ́n, ohùn wọn sì bá ìlà tó wà lókè wọn mu régí. Ẹni tó bá ń kà á yóò gbà pé orí owó àti òwò ni a ṣe ìwádìí. Ọ̀wọ́ àti ọwọ̀ ní tiwọn di òwó àti owò, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ọjọ́ kan péré ló kù ká fi iṣẹ́ sílẹ̀. A fi bírò dúdú tọ́ àmì sí abẹ́ lẹ́tà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí PDF kankan kúrò lọ́wọ́ wa láìyẹ fọ́ǹtì rẹ̀ wò. Lórí Linux, ẹ tẹ pdffonts, kí ẹ fi orúkọ fáìlì sí i. Yóò to fọ́ǹtì inú rẹ̀ sílẹ̀, òpó kan sì wà tí wọ́n kọ emb sí lórí. Bí ẹ bá rí no lábẹ́ rẹ̀, fọ́ǹtì yẹn kò bá fáìlì rìn. Lórí Windows, ẹ lè wò ó nínú Properties tí Acrobat Reader ní, lábẹ́ Fonts. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Àwọn kan yóò ní ká yáa sọ gbogbo àwòrán di PNG, nítorí pé lẹ́tà inú PNG ti di àmì tó-tò-tó lásán, kò nílò fọ́ǹtì mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n PNG kì í fẹ̀ ju bí ẹ ṣe yà á lọ. Àwòrán tó máa gba ìńṣì mẹ́fà lójú ìwé, bí a bá fẹ́ kó mọ́ ní ìwọ̀n tó tó fún ìtẹ̀wé, ìyẹn 300 tó-tò-tó nínú ìńṣì kan, ó gbọ́dọ̀ ní 1800 ní fífẹ̀. Praat lè fi PNG 300 tàbí 600 pamọ́ fún yín. Kí ẹ má lọ máa ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Àti WhatsApp, tí gbogbo wa fi ń fi nǹkan ránṣẹ́: bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ níbẹ̀ bí fọ́tò, á fún un kéré, á sọ ọ́ di JPG, á tún fún un ní orúkọ tuntun. Àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí pé ó kéré, ló máa ń kọ́kọ́ di rúdurùdu. Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọ̀nà tí a wá fẹ́ràn jù ni pé ká má tilẹ̀ gbé àwòrán kiri mọ́. Praat lè kọ ohùn sílẹ̀ bí nọ́ńbà: àsìkò lápá kan, ìwọ̀n ohùn lápá kejì. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, kò sí fọ́ǹtì níbẹ̀, kò sí ìwọ̀n fífẹ̀, kò sí BoundingBox. A gbé nọ́ńbà náà fún pgfplots, tó ń ṣiṣẹ́ lórí TikZ tí Till Tantau dá sílẹ̀, LaTeX fúnra rẹ̀ ló sì wá ń ya ìlà náà nígbà tó bá ń to ìwé. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà di ọ̀rọ̀ inú ìwé bí ìyókù. Fọ́ǹtì kan náà ló ń gbé e. A ń lo XeLaTeX pẹ̀lú Charis SIL, fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tó mọ bí a ṣe ń gbé àmì òkè àti àmì abẹ́ lé lẹ́tà kan ṣoṣo. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tò tán, pàápàá lórí Mac tòkunbọ̀ yẹn, kò sì rọrùn fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan TikZ rí. Ó gbà wá tó ọjọ́ mẹ́rin kí ìlà àkọ́kọ́ tó jáde bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n owo-io.txt ti kọjá lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mìíràn nínú PDF, ọ̀wọ́ ló jáde, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lókè àti lábẹ́.

Igi gírámà ló kù. Forest ni a ń gbìyànjú fún un báyìí, òun náà wà lórí TikZ, inú ìwé ló ti ń ya igi. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa bá ní igi àtijọ́ tó yà sínú EPS fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, epstopdf yóò sọ ọ́ di PDF. Kí ẹ kàn rántí yẹ fọ́ǹtì rẹ̀ wò kí ẹ tó fún wa.