Ta Ló Ní Àlè Nìkan Ló Ni Òtẹ́ẹ̀lì?

Olóòtú, ẹ bá mi bi àwọn èèyàn wa o. Nígbà tí èmi àti baba àwọn ọmọ mi ní a fẹ́ lọ sùn ní Ìkógòsì, ńṣe ni wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín.

L'Ádó, a kọ́kọ́ yà sí ọgbà ìrántí Fájuyì, gómìnà tó bá àlejò rẹ̀, Ironsi, kú lọ́dún 1966. A gba Ìyìn àti Àrámọkọ dé ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣàn láìjà.

Baba tí kì í sọ ju "oúnjẹ dà?" lọ láti ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn wa ti kúrò nílé, òun ló bá mi tàkúrọ̀sọ títí àkùkọ fi kọ!

Ẹ̀yin lọ́kọláya, ẹ jọ máa rìn. Owó mọ́tò ò tó owó kóòtù.