Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe wáyà iná ilé o. Wáyà tí dátà ń gbà kọjá láàárín àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, nínú ilé dátà ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. Bí ìyá kan bá fi káàdì san owó ẹ̀fọ́ lẹ́nu POS ní Mushin, ó lè rò pé inú afẹ́fẹ́ lásán ni owó rẹ̀ gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú wáyà ló máa ń gbà gbẹ̀yìn, àwa kan sì wà tí a ń ṣọ́ wáyà náà tọ̀sán-tòru.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé oríṣi wáyà méjì ló wà lẹ́yìn server kọ̀ọ̀kan. Ethernet ni àkọ́kọ́, tó so server mọ́ àwọn ènìyàn àti mọ́ àwọn server yòókù. Fibre Channel ni èkejì, tó so ó mọ́ àpótí ńlá tí a ń kó dátà pamọ́ sí. Mẹ́rin ti Ethernet, méjì ti Fibre Channel, ó di wáyà mẹ́fà fún server kan. Server 16 ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan. Wáyà 96 nìyẹn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo!

Mo bi ọ̀gá mi pé kí ló dé tí a kò lè lo oríṣi kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwà wọn kò jọra."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún 1973 ni Bob Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethernet ní ilé ìwádìí Xerox ní California. Ìwà Ethernet ni pé bí ojú ọ̀nà bá kún jù, ó máa ń da ẹrù díẹ̀ nù. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni yóò tún un fi ránṣẹ́. Fún ẹni tó ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà níbẹ̀. Fibre Channel, tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ ní 1994, kò gba irú rẹ̀. Kì í gbé ẹrù jáde àfi bí ẹni tó fẹ́ gbà á bá ti sọ pé àyè wà nílẹ̀. Ìdí ni pé bí ìdì dátà kan bá sọnù lọ́nà ibi ìpamọ́, server lè dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó mọ̀ pé kò ní dé mọ́. Lójú ìyá tó ń san owó ẹ̀fọ́, báńkì ti kú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó ń lọ. Switch oríṣi méjì, gbogbo wọn ń jẹ iná, gbogbo wọn ń gbóná, ẹ̀rọ amúlétutù sì gbọ́dọ̀ máa tu wọ́n lára. Bí wọ́n bá mú iná lọ, epo dísẹ́ẹ̀lì ni gbogbo rẹ̀ ń mu. Ìdí nìyí tí etí àwọn aláṣẹ wa fi dúró nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa FCoE, ìyẹn Fibre Channel lórí Ethernet, tí wọ́n parí ìlànà rẹ̀ ní 2009. Odindi ìdì Fibre Channel ni wọ́n ń gbé sínú ìdì Ethernet láìtú u, bí ìgbà tí ènìyàn gbé àpò sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Ìdì Fibre Channel lè tó bytes 2,148, bẹ́ẹ̀ 1,500 ni Ethernet lásán ń gbé. Wọ́n ní láti fẹ ikùn rẹ̀ sí nǹkan bí 2,500.

Ìyẹn nìkan kò tó. Wọ́n tún ní láti wá bí Ethernet kò ṣe ní da ẹrù nù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà BRT tí wọ́n ṣí ní 2008, láti Mile 12 sí CMS, yóò tètè lóye rẹ̀. Títì kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Ethernet tuntun yìí pín títì sí ojú ọ̀nà 8. Bí ojú ọ̀nà ìpamọ́ bá fẹ́ kún, switch á ní kí ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn nìkan dúró díẹ̀. Àwọn yòókù á máa lọ. Bí ẹnì kan bá wá ṣètò rẹ̀ lódì lórí switch kan ṣoṣo, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lè tàn dé àwọn switch ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ka méjì ló ń tọ́jú nǹkan wọ̀nyí níbi iṣẹ́ wa, wọn kì í sì í jẹun pọ̀. Ọ̀gá mi ti lo ọdún 15 nídìí ìpamọ́. Nígbà tí wọ́n kéde pé a ó so méjèèjì pọ̀, gbogbo wa gbọ́ ohun tí wọn kò sọ jáde: bí wáyà méjì bá lè di ọ̀kan, òṣìṣẹ́ méjì náà lè di ọ̀kan. Ní ìpàdé, ọ̀gá mi kò jiyàn nípa owó rárá. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n: "Ẹ̀yin ará Ethernet, bí ẹ bá fẹ́ pa switch kí ẹ tún un tàn ní ọ̀sán gangan, ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún?" Wọ́n dákẹ́. Wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, kò séwu. Nísinsìnyí, àkọsílẹ̀ owó oníbàárà ni yóò forí fá a.

Ìbéèrè yẹn ló tún ètò náà tò. A so méjèèjì pọ̀ láti ara server dé switch orí kọ́bọ́ọ̀dù nìkan. Láti ibẹ̀, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. A fi ọ̀nà méjì sílẹ̀, A àti B, tí wọn kò kan ara wọn níbì kankan, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A sì pinnu pé ẹ̀ka méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan switch, àti pé a kò ní fọwọ́ kan A àti B ní ọjọ́ kan náà. Ní alẹ́ Sátidé kan, ọ̀gá mi ní kí n fa wáyà A yọ nígbà tí dátà ń lọ lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì fà á. Dátà dúró díẹ̀, ó gba B lọ. Kò sí ohun tó sọnù.

Wáyà 96 di 32. Ọ̀gá mi jókòó ti àwọn ọmọ Ethernet, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń pààlà kí server kan má baà dé ibi ìpamọ́ ẹlòmíràn. Àwọn náà kọ́ ọ ní tiwọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n ń bá wa fa wáyà, òṣìṣẹ́ àdéhùn ni wọ́n. Nígbà tí ọdún yí, ilé-iṣẹ́ kò tún àdéhùn wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí ìyẹn.

FCoE kò gba gbogbo ayé bí àwọn tó ń tà á ṣe wí. Ọ̀pọ̀ ló yan iSCSI, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004, tó ń gba orí Ethernet lásán tó sì ń jẹ́ kí TCP tún ohun tó bá sọnù fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn ti bọ́ sórí NVMe báyìí. Orúkọ ń yí padà, ìbéèrè ọ̀gá mi kò yí padà. Bí wọ́n bá gbé ètò tuntun wá pé kí a so nǹkan kan pọ̀ mọ́ òmíràn, èmi náà máa ń béèrè ta la máa sọ fún kí a tó pa á. Mo sì ti fi ọ̀kan kún un: àwọn tó ń fa wáyà ńkọ́, níbo la fi tiwọn sí?