Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àbúrò mi, béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìwòyí bí Longyearbyen ṣe jìnnà sí Tromsø tó, kí o tó pa ẹnu dé, wọ́n á ti yọ fóònù, fóònù á sì ti dáhùn pé nǹkan bí kìlómítà 960 ni, pé bàálù ò ní lò ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 lọ. Fóònù ò purọ́. Tromsø wà létí òkun ní àríwá Nọ́wè, Longyearbyen sì wà ní àwọn erékùṣù Svalbard lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹjọ. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ ká fi ìwé àti gègé ṣírò ọ̀nà àríwá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1897, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Swídìn kan tó ń jẹ́ Salomon August Andrée kó ọ̀dọ́kùnrin méjì sínú bàlúùnù ńlá ní Svalbard yìí kan náà, ó ní afẹ́fẹ́ ni yóò gbé àwọn dé góńgó àríwá ayé. Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, àfi kùrukùru. Kùrukùru ló di yìnyín sára bàlúùnù, tó wúwo títí tó fi ń họ ilẹ̀, tí wọ́n fi já sórí yìnyín òkun kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, tí wọ́n wá ń fẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọdún 1930 ni àwọn ènìyàn tó rí òkú wọn ní erékùṣù Kvitøya, pẹ̀lú fíìmù tí wọ́n fọ̀, tí àwòrán sì jáde: ọkùnrin méjì dúró, wọ́n ń wo bàlúùnù tó dùbúlẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, bí ará ẹ̀yìn bá ráyè gbọ́.

Pápákọ̀ òfuurufú Longyearbyen ò ṣí títí di 1975. Ṣáájú ìgbà náà, bí yìnyín bá ti dí ojú omi, àwọn tó ń wa èédú níbẹ̀ sábà máa ń di ará ilé títí ìgbà òtútù á fi kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní iye wákàtí.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti físà. Svalbard ò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwọ ọmọ Nàìjíríà pàápàá lè máa gbé ibẹ̀ bí o bá ti lè bọ́ ara rẹ. O rò pé ọ̀nà ti là? Nọ́wè ni bàálù ti ń gbéra, Nọ́wè ò sì gba gbẹ̀rẹ́ lórí físà. Bó o bá sì dé Svalbard, o ti jáde kúrò ní agbègbè físà Nọ́wè nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fún ní físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á wà lọ́hùn-ún, á máa wo bàálù tó ń lọ. Ilé tí kò nílẹ̀kùn, tí ọ̀nà rẹ̀ gba àárín ilé onílé kọjá! Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 wá di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ níwájú ọ́fíìsì físà.

Torí náà, bó o bá ń lọ, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì ni kó o béèrè, má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù mìíràn sí ọjọ́ tó o máa padà dé Tromsø, torí kùrukùru ò mọ ìṣírò.