Àwọn Ọmọ Gáà

Ní ọjà Mile 12 lápá Kétu ni mo wà lọ́jọ́ kan, tí olówó kan ń fi ẹgba lé ọmọdé alábàárù tí ó da tòmátò rẹ̀ nù. Ọmọ rẹ̀ kékeré jókòó lórí agbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan kígbe pé kí ó rántí ikú Gáà. Ọkùnrin náà sọ ẹgba sílẹ̀.

Èmi náà ti fi orúkọ yẹn halẹ̀ mọ́ ènìyàn rí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bàbá nìkan ni mo máa ń rántí. Ní nǹkan bí 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run Ọ̀yọ́. Ìtàn ní ọba mẹ́rin ni ó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú àwọn ọmọ rẹ̀ ká sí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ààfin ń pin sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá rọ, agbára rẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn. Ní tèmi, èyí ni ó bí àwọn ará oko nínú jù: ọba jìnnà sí wọn, ọmọ Gáà ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Ọyábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, àti sí àwọn ìlú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá, wọ́n sì pa àwọn ọmọ náà níbi tí olúkúlùkù gbé ń jẹ. Òjó Agúnbambàrù ni ó sá lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọmọ olówó náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí agbọ̀n. Ó ti mú ẹgba bàbá rẹ̀.