Iná Check Engine: Ohun Tí Wọ́n Ń Bò Mọ́lẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ tí ó ti lé ní ọdún 15 ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ẹ yọjú wo iwájú awakọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí iná kékeré kan, aláwọ̀ ọsàn, tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, èsì kan náà ni ẹ óò gbọ́: "Ẹ má dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Bí ẹ kò bá sì rí iná náà rárá, ẹ má tètè yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ríwáyà kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ tèmi, Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, fi oṣù 9 tan iná yìí sí mi lójú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geerege, kò gbọ̀n, kò sì ké. Síbẹ̀, bí a bá pa iná náà lónìí, yóò tún tàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kóòdù tí sikáánà ń gbé jáde ni P0455, nígbà mìíràn P0442. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, pé afẹ́fẹ́ epo ń jò níbì kan: ti àkọ́kọ́ pọ̀, ti èkejì kéré.

Epo bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú táǹkì. Ooru a máa sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà yóò sì máa wá ọ̀nà àbájáde. Owó ni ó ń fò lọ yẹn. Èyí tí ó burú jù ni pé benzene wà nínú rẹ̀, ohun tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àwa àti àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ni a sì ń fà á símú. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ California fi pàṣẹ, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ọdún 1970, pé kí ọkọ̀ máa kó afẹ́fẹ́ epo rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1971, òfin náà kan gbogbo Amẹ́ríkà. Agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ táǹkì. Èédú yìí ni ó ń gba afẹ́fẹ́ epo sára. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní purge yóò ṣí, ẹ́ńjìnnì yóò fa afẹ́fẹ́ náà wọlé, yóò sì jó o bí epo. Fáàfù kejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ vent, ni ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn ìta wọ inú agolo. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a máa dán gbogbo rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà, bóyá ó ń jò tàbí kò jò. Ihò tí kò ju mìlímítà 1 lọ tó láti tan iná. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 2000, ìdajì mìlímítà ti tó.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ìdérí táǹkì ni. Kò ṣàṣìsọ, nítorí òun ni ó sábà máa ń jẹ́, òun ni ó sì rọrùn jù láti pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ìdérí tuntun kò yí nǹkan kan padà. Èkejì kò tilẹ̀ so sikáánà mọ́ ọkọ̀. Ó tú orí bátìrì, iná kú, ó gba owó. Ẹ̀kẹta jẹ́ ríwáyà, ó wò mí títí, ó ní: "Ọ̀gá, ṣé iná yìí ni kò jẹ́ kí ẹ sùn ni àbí ọkọ̀? Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́." Mo kọ̀. Iná kan ṣoṣo yìí náà ni ó ń kìlọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ bàjẹ́ ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ ti di alẹ́nu tí kò lè ké gbà mí.

Ìwé kékeré tí mo máa ń kọ nǹkan sí, àṣà tí ó kù sí mi lára láti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ni ó tú àṣírí kan. Mo ń kọ ọjọ́ tí iná bá tàn, iye epo tí ó wà nínú táǹkì, àti bóyá òwúrọ̀ ni tàbí ọ̀sán. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá ń ra epo ní díẹ̀díẹ̀, iná kì í tàn. Bí mo bá ra ìdajì táǹkì, kì í ju òwúrọ̀ kẹta lọ kí ó tó yọjú. Mẹkáníìkì wa yóò ní, "Epo ilé epo yẹn ni kò dáa." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àyẹ̀wò jíjò bí epo bá kéré sí nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 tàbí tí ó bá ju ìdá 85 lọ. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti sinmi mọ́jú, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ooru ìta má sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ rí àléébù náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra kí ó tó tan iná. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, mélòó nínú wa ni táǹkì rẹ̀ ń dé ìdajì? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ń jò láìtan iná, nítorí pé olówó rẹ̀ kò rí owó ra epo tí yóò tó ṣe àyẹ̀wò.

Nígbà tí mo ti mọ èyí, mo wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ èéfín. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, kò sì kánjú. Ó kọ́kọ́ yọ rọ́bà ara fáàfù purge nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀: kò fà, ìyẹn ni pé fáàfù náà ń pa dé. Ó fún vent ní iná bátìrì, ó ró "kọ̀", ó sì dí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó ti èéfín sínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára atẹ́gùn díẹ̀ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ fọkanáísà wá síbi iṣẹ́ yìí. Agbára tí ó ń fún táyà yóò ba táǹkì jẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ìṣáná wá ibi tí epo ti ń jò, ẹ sá fún un.

Èéfín rú jáde lẹ́yìn ike tí ó bo táyà ẹ̀yìn. Ọ̀fun irin tí epo ń gbà wọ táǹkì ni, ó ti dípẹtà, ó sì ti lu bí asẹ́ níbi tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é. Iyọ̀ ni ó jẹ ẹ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù, iyọ̀ a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kó o wá bá wa. Ara ọkọ̀ yóò máa dán, abẹ́ rẹ̀ yóò ti kú.

Wọ́n pààrọ̀ ọ̀fun náà, a pa kóòdù rẹ́, mo sì ra ìdajì táǹkì. Ní òwúrọ̀ karùn-ún, sikáánà fi hàn pé kọ̀ǹpútà ti parí àyẹ̀wò, kò sì rí nǹkan kan. Láti ìgbà náà, mo ti fòfin de àwọn òṣìṣẹ́ ilé epo tí ó máa ń tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dá epo dúró fúnra rẹ̀. Epo tí ó ṣàn dé agolo èédú a máa ba èédú náà jẹ́, agolo náà sì wọ́n.

Ìmọ̀ yìí wúlò jù lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń pa kóòdù rẹ́ kí oníbàárà tó dé. Iná kò ní tàn fún ọjọ́ mélòó kan, owó yóò sì ti bọ́ sápò wọn. Sikáánà tí kò wọ́n púpọ̀ lè fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà ti parí àyẹ̀wò EVAP tàbí kò tíì parí. Bí ó bá ní kò tíì parí, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò yòókù kò sì tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ra ọkọ̀ ní oṣù tó kọjá. Ẹni tí ó ń tà á ní òun kò ní sikáánà, mo sì mú tèmi jáde nínú àpò.