Ibi tí Fáàfù Gbọ́dọ̀ Gbéra Dé

Ẹni tí ó bá gba Láfẹ́nwá kọjá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò gbọ́ ìró òòlù àwọn mẹkáníìkì kí ariwo ọjà tó bò ó mọ́lẹ̀. Ní abẹ́ àtíbàbà kan ní àdúgbò náà ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un. Àwọn òbí rẹ̀ ti ra aṣọ, wọ́n sì ti san owó àga. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti mọṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ni ọkọ̀ akẹ́rù Peugeot 504 ti ìyá kan tí ń kó láfún láti Ọ̀dẹ̀dá wá sí ọjà Láfẹ́nwá. Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dẹ́kun títò ó, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ́kù kò sinmi ẹrù gbígbé.

Káàmù ọkọ̀ náà ni ó jẹ. Káàmù ni ọ̀pá oníkókó tí ń yí nísàlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì 504. Kókó rẹ̀ a ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, ọ̀pá a ti rọ́kà, rọ́kà a sì tẹ fáàfù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé tàbí kí èéfín lè jáde. Bí kókó bá ti jẹ, fáàfù kò ní ṣí tó, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè mí dáadáa. Ìyá onílàfún fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lówó pé kí ó lọ ra òmíràn ní Èkó. Ẹni tí ó tà á fún un ní káàmù eré ìje ni, pé kókó rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ náà fi owó ara rẹ̀ kún un. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn yóò máa sọ.

Nígbà tí ó dé, ọ̀gá gba káàmù náà, ó yí i wò nínú oòrùn, ó ní kí ó wọn ìgbéra fáàfù kí ó tó dé ẹ́ńjìnnì.

“Ọ̀gá, tọ́ọ̀pù sílíńdà yìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fẹ́ẹ̀sì rí. Bó ṣe jáde ní kọ́ńpìnnì ló wà.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Káàmù wo ni kọ́ńpìnnì wọ̀n ọ́n mọ́?”

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí a bá ní ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan rí, ó ń dùn létí bí ẹni pé ewu kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe tọ́ọ̀pù náà fi àyè sílẹ̀ fún káàmù tirẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ẹnìkan yóò gbé káàmù mìíràn wá láti Èkó.

Ọ̀gá ni ó ń pè é ní ìgbéra, ó sì mọ ohun tí ó ń sọ. Ìsàlẹ̀ ni fáàfù ń lọ nígbà tí ó bá ń ṣí, síbẹ̀ ó ń gbéra kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ ni. Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí máa parí sí abẹ́ àtíbàbà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tètè hàn. Kókó káàmù nìkan ni ọmọ náà ti wọ̀n, ó sì rò pé iye yẹn ni fáàfù yóò rìn. Rọ́kà ni ó gbàgbé. Bí kókó bá gbé nǹkan ní mìlímítà 6, tí rọ́kà sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, fáàfù yóò rìn ní mìlímítà 9. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣètò àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé géèjì olójú aago lé orí fáàfù gan-an, wọ́n sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìrìn fáàfù lè gbà dópin: kí ó kan písítìnì, kí sípíríǹgì rẹ̀ pa dé pátápátá, tàbí kí àwo tí ó bo orí sípíríǹgì wá gún síìlì tí ó wà lórí gáìdì. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ tán ni òpin. Ọ̀gá ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bá wù ú.

Amọ̀ ni ó mú, irú èyí tí àwọn ọmọ jéléósinmi fi ń mọ ẹran. Ó tẹ́ ẹ sórí písítìnì, ó fi epo díẹ̀ pa á kí ó má baà lẹ̀ mọ́ fáàfù, ó gbé tọ́ọ̀pù lé e pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó dè é. Ìyípo méjì gbáko ni ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ìyípo méjì ni fáàfù kọ̀ọ̀kan fi ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Nígbà tí wọ́n tú u, ojú fáàfù méjèèjì ti tẹ̀ mọ́ amọ̀ náà rekete. Ó fi bíléèdì gé e, ó wọn ibi tí ó fẹ́lẹ́ jù. Mìlímítà 2 ni àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń béèrè lọ́dọ̀ fáàfù afẹ́fẹ́, 2.5 lọ́dọ̀ ti èéfín, nítorí pé ti èéfín a máa gbóná jù, písítìnì a sì máa lé e bọ̀ lẹ́yìn. Méjèèjì yege. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Sípíríǹgì tí wọ́n fi fáìsì tẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi kanra náà yege.

Ó ku àwo. Wọ́n yọ sípíríǹgì kúrò lára fáàfù kan, wọ́n dá àwo àti lọ́ọ̀kì rẹ̀ padà lásán, wọ́n fi fáníà wọn àlàfo láti abẹ́ àwo dé orí síìlì. Ọ̀gá a máa fẹ́ kí mìlímítà kan àti ààbọ̀ ṣẹ́kù nígbà tí fáàfù bá ṣí tán. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye méjèèjì sára ògiri páálí, ó yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ohun tí ó kù kò tó ìdajì mìlímítà. Ó tún un wọ̀n lára fáàfù mìíràn. Bákan náà ni.

Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún un. Bí àwo bá ń gún síìlì, síìlì yóò fọ́, ọkọ̀ yóò máa mu epo, yóò máa rú èéfín. Bí ó bá sì gún gáìdì fúnra rẹ̀ lórí eré, lọ́ọ̀kì lè fò jáde, kí fáàfù já sínú sílíńdà.

“Ọ̀gá, ṣé a ò lè ní kí wọ́n gé orí gáìdì díẹ̀?”

“A lè ṣe é. Ṣé ìyá ní kí o gé gáìdì àwọn? Láfún ni wọ́n ń kó, wọn ò sáré ìje.”

Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó béèrè bóyá ọ̀gá yóò bá òun sọ ọ́ fún ìyá.

“Èmi kọ́ ni wọ́n fún lówó.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn àpò láfún, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan owó tirẹ̀ tí ó fi kún un. Ìyá náà kò tilẹ̀ jókòó.

“Ṣé ẹ́ńjìnnì mi ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá, Màmá. A ò tíì dé e.”

“Ó dáa. Dìde. Lọ gba owó mi padà, kí o ra irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Ó padà sí ìdí òṣùwọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti wà nínú ọkọ̀ Èkó, ó fi ìwé ìròyìn wé káàmù eré ìje náà, ó gbé e lé itan. Ọ̀gá kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ fúrídọ́ọ̀mù. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni má nu ṣọ́ọ̀kì tí ó wà lára ògiri.