Fíìmù tí Bàámi ṣe l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ní àwa tá a wà ní Nàìjíríà ò lè wò ó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta nílé bàbá ẹ̀, àfìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Télọ̀ ni Bàámi, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tíátà wà lára wọn bí ibà. Bí àwọn òṣèré bá ti wọ̀lú báyìí, wọ́n á pa máṣíìnì tì, wọ́n á tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1996, àwọn kan wá ya fíìmù fídíò ládùúgbò wa, wọ́n sì ní kí Bàámi ṣe baálẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n jáde, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tá a ní, ó ti bu kí Bàámi tó kú lọ́dún 2009. Nígbà tá a fẹ́ wò ó lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rọ ló jẹ téèpù inú ẹ̀ mọ́nú. Látìgbà náà, fọ́tò nìkan ló kù lọ́wọ́ wa, fọ́tò kì í sì í sọ̀rọ̀.

Àfi bí àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston, l'Amẹ́ríkà, ṣe pè mí lóru ọjọ́ kan. Ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí Bàámi o! Wọ́n wà lórí tẹlifíṣàn mi báyìí!" Fíìmù yẹn ló ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn téèyàn ń sanwó fún lóṣooṣù.

Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti sanwó. Màámi jókòó tì mí nílé mi l'Ágége, wọ́n ti wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ lọ sóde. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Mo tẹ orúkọ fíìmù náà, kò jáde. Àbúrò mi fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ohun tí mo rí kà ni pé fídíò yìí kò sí fún orílẹ̀-èdè tí mo wà.

Màámi ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Mà, wọ́n ní kò sí fún àwa tá a wà ní Nàìjíríà."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Bàbá yín tí ò ní ìwé ìrìnnà rí, ìgbà wo ni wọ́n di ará Amẹ́ríkà?"

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fèsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wá là á yé mi. Ó ní gbogbo fóònù tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn ló sì ń tú èèyàn fó pé ibi báyìí ló wà. Ilé iṣẹ́ yẹn á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà náà kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìdí ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta fíìmù fún. Ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ láti fi hàn l'Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, bó bá fi hàn níbí, ó ti rú àdéhùn nìyẹn. Ohun tó fà á náà nìyí tí Netflix, tó wọ Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè bíi 130 lóṣù kìíní ọdún 2016, kì í fi gbogbo fíìmù kan náà hàn níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúkú bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ránṣẹ́ s'Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ẹ máa rántí pé ẹ̀rọ tiwọn kì í fẹ́ gbé e, torí PAL ni tiwa, NTSC ni tiwọn. Nígbà tí àwo DVD dé, wọ́n tún pín ayé sí ọ̀nà 6: Amẹ́ríkà wà ní 1, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 2, àwa wà ní 5. Kọ́kọ́rọ́ ló ń yí padà, ilẹ̀kùn kan náà ni.

Ọmọ yẹn ní kóun fi VPN sórí fóònù mi, pé á máa ṣe bíi pé Amẹ́ríkà ni mo wà. Orin fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, Màámi ti ń pàtẹ́wọ́. Kí Bàámi tó yọjú, ó ti kú pii. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ò fẹ́. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́jọ alẹ́ wa, tí í ṣe aago méjì ọ̀sán tiwọn ní Houston, àbúrò mi pè wá lórí WhatsApp, ó gbé fóònù ẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn. Àwòrán ń gbọ̀n, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já. Bí Bàámi ṣe la ẹnu láti rẹ́rìn-ín ni àwòrán dúró gbagidi. Àmọ́ a gbọ́ ẹ̀rín náà. Màámi ní kó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kó dá a padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n wọlé lọ, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mi ò bá ẹni tó ra fíìmù jà o, owó ẹ̀ ló ná. Mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe àdàkọ fíìmù láìgbàṣẹ ti sọ ọ̀pọ̀ oníṣòwò fíìmù di ẹdun arinlẹ̀ nílùú yìí, ó lè máa bà wọ́n lẹ́rù láti ṣílẹ̀kùn fún wa. Ṣùgbọ́n a kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Fíìmù Yorùbá, tí wọ́n yà nílẹ̀ Yorùbá, kò yẹ kó jẹ́ pé ará Houston ló máa ròyìn ẹ̀ fún ará Abẹ́òkúta.

Ohun téèyàn fọwọ́ tì, èèyàn lè fọwọ́ ṣí i. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2018, òfin kan bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè European Union pé ẹni tó bá ti sanwó fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì nílùú ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè máa wò ó bó bá rìnrìn àjò débi tó kù lára wọn. Òfin yẹn ò kàn wá, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló ti ilẹ̀kùn yìí.

Mo wá ẹni tó ya fíìmù Bàámi kàn. Òun náà ti kú. Ọmọ ẹ̀ ní bàbá òun fọwọ́ síwèé fáwọn kan, òun ò sì mọ ibi tí ìwé náà wà, ká má tíì sọ ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ nípa Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n to orúkọ orílẹ̀-èdè sí. Bí ẹni tó fẹ́ rà á ò bá ní í fi hàn nílé, ẹ yọ ilé sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún ẹlòmíì tó máa fi hàn. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn ọmọ yín mọ ibi tíwèé wà. Ọmọ ẹ̀ ṣì ń bá mi wá a. Màámi sì ń béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ṣé wọ́n ti rí i.